Ta Ni Bàbá Rẹ? Bí Aṣàwákiri Ṣe Ń Mọ Òfin CSS Tó Kan Element Kọ̀ọ̀kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi Python kọ prógíráàmù kan tó ń sọ HTML (èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù) di PDF, òun la fi ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Tí mo bá rí selector (apá òfin tó ń sọ element tí òfin náà kàn, ìyẹn apá ojú-ewé bí ìpínrọ̀ tàbí àkọlé) nínú CSS (èdè tí a fi ń sọ bí ojú-ewé ṣe máa rí), mo máa ń gé e níbi tí àlàfo bá wà, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ọwọ́ òsì: màá kó gbogbo element tó jẹ́ `.oju-iwe`, màá wọ inú wọn lọ kó gbogbo `.eniyan`, màá tún wọ inú ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé olójú-ewé 300 ń gba ìṣẹ́jú 11. `h2 + p` (ìpínrọ̀ `p` tó tẹ̀lé àkọlé `h2`) kò sì ṣiṣẹ́ rárá. Báwo làwọn aṣàwákiri (browser) ńlá ṣe ń tọ́jú selector nínú kóòdù wọn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ element tó bá a mu?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ yọ Python kúrò nínú ẹ̀sùn yìí. Òun kọ́ ló fa ìṣẹ́jú 11 yẹn. Ibi tí o ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni.

Ká ní wọ́n rán ọ lọ sí agbo ilé ńlá kan pé kí o lọ mọ àwọn ọmọ-ọmọ Àjàdí tó wà níbẹ̀. O lè lọ bá Àjàdí fúnra rẹ̀, kí o ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o tún ka ọmọ àwọn ọmọ náà, yàrá dé yàrá. O sì lè dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí o máa bi ẹni tó bá ń jáde léèrè: ta ni bàbá rẹ? Ta ló bí bàbá rẹ? Àjàdí lè bí ogún ọmọ, àmọ́ bàbá kan ṣoṣo ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè yóò máa bá oríta pàdé níbi gbogbo. Ẹni tó ń gòkè kò ní rí oríta kankan.

Bí igi HTML ṣe rí nìyẹn. `div` kan lè ní ọmọ 400, ṣùgbọ́n kò sí element tó ní òbí méjì. Ìdí kìíní nìyí tí àwọn aṣàwákiri fi ń ka selector láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa tó ń kọ ọ́ ń kọ ọ́ láti òsì.

Ìdí kejì ni mo fẹ́ kí o mú ní pàtàkì. Aṣàwákiri kì í gbé òfin kan dání kó wá máa kiri wá element tó kàn. Element ló ń mú, tó ń bi í pé: nínú gbogbo òfin tó wà nílẹ̀ yìí, àwọn wo ló kàn ọ́? Ìgbà tó bá fẹ́ ya `p` kan sójú ìwé ló nílò àwọ̀ rẹ̀ àti bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe máa tóbi tó, `p` yẹn nìkan ló sì nílò rẹ̀ fún. Tìrẹ náà ò yàtọ̀. Wá wo iye ìbéèrè tó wà níbẹ̀. Bí ìwé ìrántí rẹ bá ní element 9,000, tí CSS rẹ sì ní òfin 150, ìbéèrè 1,350,000 ló délẹ̀ yẹn. Ká ní òfin márùn-ún ló kan element kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ 45,000 péré. Gbogbo èyí tó kù, "rárá" ni. Nítorí náà, tí o bá gbọ́ pé aṣàwákiri kan yára lórí CSS, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó mọ bí a ṣe ń tètè sọ rárá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lókè àti nísàlẹ̀, orí ìyẹn ló dúró lé.

Kọ́kọ́ fi gígé níbi àlàfo sílẹ̀. Àlàfo kì í ṣe ààlà, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì ìsopọ̀. Nínú `.oju-iwe p`, àlàfo yẹn ń sọ pé `p` wà lábẹ́ `.oju-iwe`, ì báà jẹ́ ọmọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ti wà láti ìgbà tí CSS kìíní ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. `>` àti `+` (ti ìṣáájú ń wá ọmọ tààrà nìkan, `+` àti `~` ń wo ẹ̀gbọ́n, mo máa ṣàlàyé wọn nísàlẹ̀) dé pẹ̀lú CSS kejì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, `~` sì wá tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `>` kò túmọ̀ sí nǹkan kan, torí `ul>li` àti `ul > li` ọ̀kan náà ni. Àlàfo tó wà nínú `[title="Ẹ kú oríire"]` kò sì jẹ́ àmì rárá. Ẹni tó bá fi `split()` gé gbogbo rẹ̀ ti da ẹran pọ̀ mọ́ eegun. `+` inú `h2 + p` tìẹ ti di orúkọ element lójú prógíráàmù rẹ, ó sì ń wá tag tó ń jẹ́ `+` kiri inú ìwé ìsìnkú.

Ohun tó wà láàárín àmì ìsopọ̀ kan sí èkejì ni mo máa pè ní ìdì. Mú `#eto .oju-iwe > p.akole`. Ìdì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. `#eto` (id, orúkọ element kan ṣoṣo, tí a fi `#` ṣáájú) dá wà, `.oju-iwe` náà dá wà, `p.akole` ní nǹkan méjì nínú, orúkọ tag kan (irú element, bíi `p`) àti class kan (orúkọ ẹgbẹ́ tí a fi `.` ṣáájú). Àlàfo ló so ìdì kìíní mọ́ ìkejì, `>` ló so ìkejì mọ́ ìkẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o ka ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí o bá ń ṣí fáìlì CSS. Lẹ́yìn náà, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tún fojú kàn ọ́ mọ́.

Kóòdù tí Firefox ń lò fún èyí wà ní gbangba, mo sì máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n kà á. Èdè prógíráàmù Rust ni wọ́n fi kọ ọ́. Inú iṣẹ́ Servo, ẹ̀rọ aṣàwákiri tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ní Mozilla, ló ti jáde, ó sì wọ Firefox pẹ̀lú ẹ̀dà 57 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Orúkọ rẹ̀ ò le, `selectors` lásán ni. Níbẹ̀, enum kan (àkójọ àwọn irú nǹkan) wà tó ń jẹ́ `Component`, irú nǹkan kọ̀ọ̀kan tó lè wà nínú selector sì ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀: `LocalName` fún orúkọ tag, `ID`, `Class`, `Negation` fún `:not()` (tó ń yọ ohun tí a kò fẹ́), àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì ìsopọ̀ pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Inú array kan ṣoṣo (àyè tó tò tẹ̀ léra) ni wọ́n tò wọ́n sí, láìsí igi, láìsí ẹ̀ka.

Bí wọ́n ṣe tò ó ló dùn mọ́ mi jù. Ìdì ọwọ́ ọ̀tún ló ṣáájú, àmọ́ inú ìdì kọ̀ọ̀kan wà bí ẹni tó kọ CSS ṣe kọ ọ́. Àpẹẹrẹ wa yóò di `p`, `.akole`, `>`, `.oju-iwe`, àlàfo, `#eto`. Apá tó ń ka fáìlì ń bá ọ̀rọ̀ lọ láti òsì sí ọ̀tún, nígbà tó bá parí ló ń yí àwọn ìdì padà. Ẹni tó wá ń bi element léèrè kò ní láti fò síwájú sẹ́yìn, yóò kàn máa rìn lọ tààrà lórí array náà títí yóò fi parí tàbí títí ẹnì kan yóò fi sọ rárá. WebKit tí Safari ń lò gba ọ̀nà míì nígbà kan rí: nǹkan kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí èyí tó kàn, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. `tagHistory` ni wọ́n ń pe atọ́ka yẹn. Nígbà tó yá, àwọn náà tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú memory, orúkọ àtijọ́ yẹn sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó wà nítòsí ara wọn nínú memory ni ẹ̀rọ máa ń tètè kà.

Nínú Python, list lásán ti tó. Má kọ class mẹ́jọ fún un.

Nǹkan kékeré kan wà tó jọ pé kò já mọ́ nǹkan, àmọ́ tó lè jẹ ìdajì àkókò rẹ. Báwo lo ṣe tọ́jú class element? Bí o bá fi `"eniyan akekoo tuntun"` sílẹ̀ bó ṣe wà, tí o sì ń gé e sí wẹ́wẹ́ nígbàkígbà tí òfin kan bá béèrè, ìgbà 1,350,000 lo ń gé e. Gé e lẹ́ẹ̀kan, fi í sínú `frozenset`, àkójọ Python tí kì í yí padà. Àwọn aṣàwákiri tilẹ̀ kọjá ìyẹn: wọn kì í fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí orúkọ class kan, wọ́n á tọ́jú ẹ̀dà kan ṣoṣo rẹ̀ síbì kan. Ibikíbi tí orúkọ náà bá tún ti jáde, ì báà jẹ́ nínú HTML tàbí nínú CSS, àdírẹ́sì ibi yẹn ni wọ́n ń lò. Láti mọ̀ bóyá class méjì dọ́gba, nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń wéra.

Ó wá ku `h2 + p` tó ń dà ọ́ láàmú. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ CSS kì í fi mọ ẹni tí `+` ń tọ́ka sí nínú méjèèjì. Yorùbá ò fi èèyàn sínú òkùnkùn. Element tó ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n, èyí tó tẹ̀lé ni àbúrò. `h2 + p` ni `p` tí ẹ̀gbọ́n tó sún mọ́ ọn jù lọ jẹ́ `h2`. `h2 ~ p` ni `p` tí `h2` wà láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ti wù kó jìnnà tó. Àwọn àmì méjèèjì yìí kì í bi àbúrò ní nǹkan kan. Ó sì bọ́gbọ́n mu, torí pé bí ojú-ewé bá ṣì ń wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n ti dé, ẹnì kan ò sì mọ̀ bóyá àbúrò ń bọ̀.

Tìẹ tún ní àrùn kejì tí mo fura sí. Nínú fáìlì HTML rẹ, o máa ń tẹ Enter lẹ́yìn `</h2>` kí o tó kọ `<p>`, àbí? Ìlà tuntun yẹn jẹ́ ọmọ nínú igi, ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í ṣe element. Bí o bá ń lo BeautifulSoup, ohun èlò Python tó ń ka HTML, `previous_sibling` yóò fún ọ ní ìlà òfìfo yẹn dípò `h2`. Fò gbogbo ohun tí kì í ṣe element títí o fi kan ẹ̀gbọ́n gidi.

Ó yá, ká wá bi element léèrè. Mo kọ èyí fún ọ kí o lè rí i bó ṣe kúrú tó. `ba_idi_mu` tí ìwọ máa kọ ń wò bóyá element kan bá ìdì kan ṣoṣo mu. Ìdì 0 ni ti ọwọ́ ọ̀tún, `isopo` ni àmì tó so ó mọ́ èyí tó wà lápá òsì rẹ̀:

```
def ba_mu(e, idi, i=0):
    if not ba_idi_mu(e, idi[i]):
        return False
    if i == len(idi) - 1:
        return True
    isopo = idi[i].isopo
    if isopo == ">":
        return e.obi is not None and ba_mu(e.obi, idi, i + 1)
    if isopo == "+":
        return e.egbon is not None and ba_mu(e.egbon, idi, i + 1)
    k = e.egbon if isopo == "~" else e.obi
    while k is not None:
        if ba_mu(k, idi, i + 1):
            return True
        k = k.egbon if isopo == "~" else k.obi
    return False
```

Wo `while` yẹn dáadáa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Mú selector `.a > .b .c`. Ká ní igi náà lọ báyìí láti òkè: `.a`, inú rẹ̀ `.b`, inú rẹ̀ `.b` míì, inú rẹ̀ `.c`. A bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ `.c`. A gòkè wá `.b`, a bá ti inú pàdé. Ṣé `.a` ni bàbá rẹ̀? Rárá o, `.b` ni. Ẹni tó bá kánjú yóò ní selector náà kò bá a mu, yóò sì ti ṣìnà, nítorí `.b` ti òkè wà níbẹ̀ tí `.a` bí. O gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ `.b` tó kọ́kọ́ já ọ kulẹ̀, kí o máa gòkè lọ láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n pípadà bẹ́ẹ̀ náà lè di ìranù. Nínú `.a .b .c`, tí o bá ti rí `.b` kan, tí o wá gòkè wá `.a` títí dé `html` láìrí i, kò sídìí láti wá `.b` míì lókè. Gbogbo bàbá ńlá `.b` ti òkè, o ti kọjá lára wọn. Kóòdù tí mo kọ sókè yìí kò mọ ìyẹn, yóò tún lọ wá a. Àwọn WebKit yanjú èyí pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin dípò méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni pé ó bá a mu. Èkejì, kò bá a mu níbí yìí, máa wá lọ. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹ̀gbọ́n kankan tó lè gbà á là mọ́, lọ sọ́dọ̀ òbí. Ẹ̀kẹrin, ó tán pátápátá, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Firefox náà ní irú rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú kì í jìn ju ìpele mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ, nítorí náà fi tìrẹ sílẹ̀ bó ṣe wà ná, kí o sì wo ohun tí aago bá sọ.

Gbogbo èyí tó tọ̀nà, kò tíì yára. Òfin 150 ṣì ń dúró de element kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa gé e lulẹ̀ gan-an ni kí o má tiẹ̀ béèrè.

Ìdì ọwọ́ ọ̀tún ló ń sọ ẹni tí òfin kan lè kàn. Bí òfin kan bá parí sí `.akole`, element tí kò ní class `akole` kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ láéláé. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń ka CSS, pín àwọn òfin sínú àpótí. Tí ìdì ọwọ́ ọ̀tún bá ní id, sọ òfin náà sínú àpótí id yẹn. Bí kò bá ní id, wo class. Bí kò bá ní class, wo orúkọ tag. Àwọn tó kù, bíi `*` (gbogbo element) tàbí `[href]` (element tó ní `href`), kó wọn sínú àpótí gbogboògbò. Nígbà tí `p` kan tí class rẹ̀ jẹ́ `akole` bá dé, àpótí `akole`, àpótí `p` àti ti gbogboògbò nìkan ni yóò ṣí. Nínú òfin 150, ó ṣeé ṣe kó má bi ju mẹ́wàá lọ. Dictionary mẹ́ta àti list kan ni nínú Python, iṣẹ́ ọ̀sán kan. Bí o bá ní àyè fún àtúnṣe kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ni kí o ṣe.

Ó ye ọ báyìí ìdí tí a fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ CSS pé ọwọ́ ọ̀tún ló ṣe kókó. Ẹni tó kọ `#eto .oju-iwe *` rò pé `#eto` ti dín iṣẹ́ kù. Kò dín nǹkan kan kù: inú àpótí gbogboògbò ló wà, gbogbo element inú ìwé ló sì máa dá a lóhùn.

Lẹ́yìn àpótí, asẹ́. Àwọn òfin mẹ́wàá tó kù yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gòkè lọ wá bàbá ńlá tí kò sí. Àwọn aṣàwákiri máa ń gbé asẹ́ kan dání bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú igi. Tí wọ́n bá wọ inú element kan, wọ́n á ju id rẹ̀, class rẹ̀ àti orúkọ tag rẹ̀ sínú asẹ́ náà. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á yọ wọ́n. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò sókè, wọ́n á bi asẹ́ pé: ṣé `.oju-iwe` kan wà lókè mi? Bí asẹ́ bá ní kò sí, kò sí náà nìyẹn. Bí ó bá ní ó wà, ó lè wà, ó sì lè má wà, kí wọ́n lọ wò ó fúnra wọn. Bloom filter ni wọ́n ń pè é, orúkọ Burton Bloom tó gbé e jáde ní ọdún 1970 ló ń jẹ́. Ti Firefox ní àyè 4,096, byte kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé wọ́n ní láti lè ka iye ìgbà tí nǹkan kan wọlé kí wọ́n tó lè yọ ọ́ láìba tẹlòmíì jẹ́. Selector kọ̀ọ̀kan sì ń gbé hash (nọ́ńbà tó dúró fún orúkọ) mẹ́rin péré dání, mẹ́rin nínú àwọn ohun tó ń wá lókè. Wọ́n fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú nọ́ńbà 32-bit mẹ́ta. Ìkẹrin ni wọ́n pín sí mẹ́ta tí wọ́n fi dí àyè tó ṣẹ́ kù lókè àwọn tó kù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó ń di ẹrù sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò ní Ọjọ́rú kí wọ́n tó lọ òde ìnáwó ló ń ronú báyẹn.

Má kọ Bloom filter ní Python o. Kò ní sàn fún ọ ju `Counter` lásán (ohun èlò Python tó ń ka iye ìgbà tí nǹkan wà) lọ, èyí tí kì í sì parọ́. Fi `#` tàbí `.` síwájú orúkọ kí `#eto` má baà dà pọ̀ mọ́ `.eto`. Ohun méjì ni kí o ṣọ́ra fún. Má ṣe fi ohun tó wà nínú `:not()` sínú àwọn ohun tí selector ń wá lókè, torí àìsí rẹ̀ gan-an ni selector ń fẹ́. Ní ti `+` àti `~`, ẹ̀gbọ́n kì í ṣe bàbá ńlá: nínú `.a .b + .c`, `.a` yóò wà nínú asẹ́, torí bàbá ńlá ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá ńlá mi, àmọ́ `.b` kò ní sí níbẹ̀.

O ò béèrè nípa ìwúwo, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò dé bá ọ. Tí òfin méjì bá kan element kan náà, èyí tó wúwo jù ló ń borí: a kọ́kọ́ ka id, bí wọ́n bá dọ́gba a ka class àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá tún dọ́gba a ka tag. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, èyí tí a kọ gbẹ̀yìn ló ń borí. Àwọn aṣàwákiri ń di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú nọ́ńbà kan kí wíwéra lè yá. Nígbà kan, bit mẹ́jọ mẹ́jọ ni àwọn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọdún 2012, àwọn èèyàn fi hàn pé bí o bá to class 256 sórí ara wọn, wọ́n á borí id kan ṣoṣo. Kíkà náà ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ sínú àyè id. Kóòdù Firefox òde òní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bit mẹ́wàá, tó bá sì ti pé 1,023, ibẹ̀ ló dúró sí. Ìwọ lo tuple `(id, class, tag)` nínú Python, kò sí ohun tó máa kún. Ìwúwo `:where()` jẹ́ òfo nígbà gbogbo. `:is()` àti `:not()` ń gba ìwúwo èyí tó wúwo jù nínú ohun tó wà láàárín àkámọ́ wọn.

`:has()` ńkọ́? Fi sílẹ̀ ná. Òun ló ń yí gbogbo ìtàn yìí sódì, torí ó ń bi bàbá léèrè nípa ọmọ. `.eniyan:has(img)` fẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ wá, ibi tí mo ní oríta wà gan-an. Kò yani lẹ́nu pé ó pẹ́ kó tó dé: Safari 15.4 ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Chrome 105 ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Firefox 121 ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Bí oníbàárà kan kò bá fi CSS tó ní i rán ọ níṣẹ́, kò kàn ọ́.

Èyí tó kàn ọ́, tí kò sì kan ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣiṣẹ́, ni àmì ohùn. Mo rí i pé o kọ `.oju-iwe` àti `.eniyan` láìfi àmì sí i. Bóyá o ti gbìyànjú `.ẹ̀kọ́` rí, ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, o sì pa á tì. CSS gbà á láàyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà tí a fi ń tẹ lẹ́tà yìí ju ẹyọ kan lọ. `ọ̀` kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ `ọ` tí í ṣe U+1ECD, kó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ (dò), U+0300, lé e lórí. Òmíràn lè kọ `ò`, U+00F2, kó wá fi àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà, U+0323, sí i. Òmíràn á kọ `o` lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú aṣàwákiri tó ń fi àdírẹ́sì wéra, orúkọ mẹ́ta ni, ìlànà CSS kò sì ní kó tún wọn ṣe kó tó wé wọn. Nítorí náà, bí ìwọ bá fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tẹ CSS, tí oníbàárà fi fóònù tẹ HTML, class yẹn kò ní bá ara rẹ̀ mu láé, wàá sì máa wo lẹ́tà méjì tó jọra bí ìbejì.

Prógíráàmù tìrẹ ni èyí, o lè ṣe ohun tí aṣàwákiri kò ṣe. Fi `unicodedata.normalize("NFC", s)`, èyí tó ń sọ onírúurú ìkọsílẹ̀ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan, kan gbogbo orúkọ class àti id nígbà tí o bá ń ka HTML, kí o tún fi kàn wọ́n nígbà tí o bá ń ka CSS, kí o tó fi wọ́n sínú àpótí kankan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kọ sókè yẹn yóò di U+1ECD àti U+0300. Kìkì pé bí oníbàárà bá ṣí HTML kan náà nínú Chrome, ó lè rí ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí o tẹ̀ fún un, nítorí náà fún un ní fáìlì tí o ti tún ṣe, má fún un ní èyí tó gbé wá.

Ṣe àpótí náà lónìí, sọ ìlà òfìfo inú `egbon` nù, kí o tún ìwé olójú-ewé 300 yẹn ṣe. Kọ iye ìṣẹ́jú tó bá gbà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye òfin tó wà nínú àpótí gbogboògbò rẹ. Bí ó bá ju ogún lọ, CSS rẹ la máa jọ wò, kì í ṣe Python.